Òòrẹ̀ Kọ Orúkọ Ẹlẹ́dẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já lu ẹni tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òòrẹ̀ ní oko ẹ̀gẹ́ létí odò. Ìjàpá ń wo oko náà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Òfin igbó sì ni pé ẹran ilé kò gbọdọ̀ ní oko nínú igbó.

Lọ́jọ́ kan, àwọn Òyìnbó oníṣòwò gúnlẹ̀. Wọ́n rí Òòrẹ̀. Ará Ítálì ní, “Pọkosipíínò.” Ará Jámánì ní, “Ṣitakẹliṣífáìnì.” Gẹ̀ẹ́sì ní, “Pọkupáìnì.” Ìjàpá bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn wí: ẹlẹ́dẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún.

Ìjàpá sáré lọ bá Erin, ọba igbó.

“Kábíyèsí, ẹlẹ́dẹ̀ ló ni oko etí odò. Àwọn àlejò jẹ́rìí sí i. Ẹran ilé ni. Ẹ gba oko náà, kí ẹ fi fún èmi tí mo tú àṣírí rẹ̀.”

Erin ránṣẹ́ pe Òòrẹ̀ àti àwọn àlejò. “Òòrẹ̀, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ́?”

“Rárá, Kábíyèsí. Bàbá mi ló sọ mí ní Òòrẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò bá wa dáko, wọn kò bá wa sin òkú. Ibo ni wọ́n ti rí ẹnu sọ mí lórúkọ?”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rojọ́. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Ta ni bàbá ẹ níwájú wọn?”

“Ó dáa,” Òòrẹ̀ ní. “Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ a gbé e mọ́ àyà kí orúkọ náà tó mọ́ ọn lára. Kí wọ́n wá gbé mi.”

“Àṣà wa ni,” Erin wí. “Ẹ gbé e.”

Àwọn àlejò wo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi dé inú ọkọ̀ wọn.

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá.

“Ìwọ lo gbé orúkọ wá,” Erin wí. “Gbé ọmọ ẹ.”

Ojúkòkòrò kò jẹ́ kí Ìjàpá sá. Ó ro ti ẹ̀gẹ́. Ó yọ ọrùn, ó na ọwọ́, ó gbá Òòrẹ̀ mọ́ra. Òòrẹ̀ ta gìrì, gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ sì nà ró.

Ìjàpá ké, “Ẹ gbà mí o. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Òòrẹ̀ ni.”

“Tún un pè,” Òòrẹ̀ ní, “kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.”

Ìjàpá tún un pè tẹkúntẹkún. Òòrẹ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ ro oko rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí kò lè gbé ọmọ mọ́ra kò lẹ́nu láti sọ ọ́ lórúkọ. Lókè òkun, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é. Kí wọ́n máa pè é. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ wá gba ilẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ orúkọ náà. Ẹ má sì kúrò lórí ilẹ̀ yín.