Ìdí Tí Èpìyà Fi Ń Gbé Ọmọ Sẹ́nu

Nígbà láéláé, orí iyanrìn ni ẹja Èpìyà ń tọ́ ọmọ sí. Adágún kan wà tí kò jìn rárá, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àṣà àwọn Èpìyà ibẹ̀ ni pé ìyàwó tí kò bá tíì gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sísàlẹ̀ omi kò gbọdọ̀ bímọ. Inú kòtò yẹn ni yóò fi àwọn ọmọ sí, yóò sì wá oúnjẹ lọ.

Ẹja Àrọ̀ onírùngbọ̀n kan ń gbé inú adágún yìí. Ọmọ Èpìyà ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń jẹ wọ́n láàárọ̀, ó ń jẹ wọ́n lálẹ́, kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Èpìyà kan wà tí Àrọ̀ jẹ ọmọ rẹ̀ títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ó sọ ọmọ náà ní Málọmọ́. Ta ni kò mọ ìdí tí ìyá fi ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀? Inú bí i, ó sì pe gbogbo Èpìyà jọ.

"Gbogbo wa la ní ẹ̀gún lẹ́yìn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lé e kúrò níbí!"

Akàn àgbà yọjú láti inú ihò rẹ̀. "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni."

"Bàbá, ọmọ tiyín kọ́ ló ń jẹ," Ìyá Málọmọ́ dá a lóhùn. Akàn bá padà sínú ihò.

Wọ́n fi ẹ̀gún gún Àrọ̀ títí gbogbo ara rẹ̀ fi di ọgbẹ́. Lọ́jọ́ òjò kan, ó wọ́ gba orí koríko tútù, ó lọ sínú odò kan nítòsí.

Àwọn Èpìyà jó, wọ́n yọ̀. Wọ́n bí, wọ́n tún bí. Wọ́n jẹ àwọn kòkòrò wínníwínní tí ń jẹ èérí omi tán. Wọ́n jẹ òṣíbàtà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àṣà sì tún wà nílẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyàwó ń gbẹ́ kòtò lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ dìde, kò ráyè wálẹ̀ mọ́. Omi di àwọ̀ ewé, ó ki, ó ń rùn. Àwọn obìnrin abúlé tó ń pọnmi níbẹ̀ wá ibòmíràn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ikú dé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òkú ọmọ ẹja ni yóò kún ojú omi. Málọmọ́ ti dàgbà díẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, mi ò ríran," ó ní. "Èémí ò tó mi."

Àánú ìyá yìí ń ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Nígbà tí òjò kún adágún títí ó fi dà pọ̀ mọ́ odò, Ìyá Málọmọ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ bá Àrọ̀. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wálé. Ẹ wá dín wa kù."

Àrọ̀ ní, "Màá padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣa ẹja jẹ. Èyí tí ojú mi bá ti rí, tèmi ni."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Kó wọn pamọ́ síbi tí ojú mi ò ní tó."

Ìyá Málọmọ́ sáré délé. Àwọn ọmọ tuntun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ni. Ibo ni yóò kó wọn sí? Òṣíbàtà ti tán. Ó bá la ẹnu, ó kó gbogbo wọn sí i. Málọmọ́ náà ki orí bọ̀ ọ́. Orí wọlé, ara ò wọlé. Ó ti tóbi jù.

Àrọ̀ dé.

"Ìyá! Ìyá mi o!" Málọmọ́ ń ké.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Bó bá dáhùn, àwọn tó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò dà síta. Kò dáhùn.

Nígbà tí Èpìyà dín kù, gbígbẹ́ kòtò dín kù. Ẹrẹ̀ wálẹ̀, òṣíbàtà hù, àwọn obìnrin padà wá pọnmi. Omi náà tún mọ́ gaara, Ìyá Málọmọ́ sì wo gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ yíká, kò rí ọmọ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Èpìyà ti ń gbé ọmọ sẹ́nu. Títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà, kì í jẹun, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é, kì í dáhùn.