Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Abẹ́ Àga Ọ̀jẹ́wùmí

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, ọyẹ́ sì ti mú ètè gbogbo ará ilé gbẹ, síbẹ̀ òógùn ń bọ́ lójú Ọ̀jẹ́wùmí. Ó ti fọ́ òkúta fún ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ orúnkún kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ká, apá rẹ̀ ò ká a.

Oṣù kan rèé tí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ orúnkún náà. Nọ́ọ̀sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ àga rẹ̀, ó ní kó máa wọ́ gìgísẹ̀ sẹ́yìn lójoojúmọ́ títí yóò fi kan ìlà. Bí kò bá kàn án kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, wọn yóò tún gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn yóò sì fi tipá ká a. Ìrora náà pọ̀. Ni akọni wa bá fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ pa ìlà rẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì tí nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ fa òmíràn sí ìtòsí ẹsẹ̀. Ìyẹn ló ń kàn lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, tó sì ń yin ara rẹ̀.

Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń gbálẹ̀ bọ̀, ó dúró, ó wo ilẹ̀.

"Baba Ìdòwú, ìlà yìí mà ti kọ́ ìrìn ṣáájú yín."

Ọ̀jẹ́wùmí fẹ́ fi ọ̀pá bo ìlà náà.

"Kí lẹ máa ń wí fún àwọn tó bá ń sá fún òòlù níbi iṣẹ́?"

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Àmọ́ àáké ẹlòmíì ni mò ń sọ nígbà náà, Àṣàkẹ́, kì í ṣe tèmi."

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ tìmùtìmù, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fa ìlà padà síbi tí nọ́ọ̀sì fà á sí. Lẹ́yìn náà ó di apá àga mú, ó sì wọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.