Ilẹ̀kùn Tó Mú Bàbá Ìyàwó Dọ̀bálẹ̀

Bí ẹnìkan bá ń ṣe agídí ládùúgbò Òkè-Àgbọn, wọn á ní, "Rọra o, ilẹ̀kùn ló mú bàbá ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àna." Àlejò á lanu sílẹ̀. Ìlú wo ni bàbá ìyàwó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó wá tọrọ ọmọ? Kí wọ́n gbọ́ ti Ládòkun ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ Mọ́radékẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣe ni Ládòkun ń fọ́nnu kiri palọ̀: "Wọn ò ní dìde nílẹ̀ títí n ó fi jẹ obì mi tán!" Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ń há. Inú yàrá yìí ló sì fẹ́ ti yọ sí wọn bí ọba, nígbà tí gbogbo wọn bá ti jókòó.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Mọ́radékẹ́, ẹ jẹ́ kí n kán epo díẹ̀ sí i."

"Epo kẹ̀? Ṣé mọ́ínmọ́ín ni ilẹ̀kùn mi ni? Ọgbọ́n ọwọ́ ló ń fẹ́."

Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó wọ yàrá, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kí ìyàwó lè rí ọgbọ́n ọwọ́. Ó wá fẹ́ ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i, ó fi eyín fà á, ó tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ò gbẹ̀bẹ̀.

"Ẹ ti há síbẹ̀, àbí?"

"Ta ló há? Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ni!"

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́, "Ẹ kú ilé o!" Àwọn àna ti dé. Òógùn bo Ládòkun. Bí kò bá jáde, ta ni yóò gba obì ọmọ rẹ̀?

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. "Ìyá Mọ́radékẹ́," ó rọ ohùn sílẹ̀, "bá mi gbìyànjú ẹ̀ láti ìta. Ṣùgbọ́n epo o, n ò fẹ́!"

Kó lè máa ṣọ́ obìnrin náà, ó nà gbalaja, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé símẹ́ńtì, ó ń yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló rí tó lọ sí ilé ìdáná, tó sì padà dé, epo ń kán tò ó lẹ́yìn.

"Mo ní n ò fẹ́ e..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ fi yí wẹ́rẹ́, tí ilẹ̀kùn sì ṣí síta gbayawu.

Ládòkun rèé nílẹ̀: àyà mọ́lẹ̀, agbádá tẹ́ bí ẹní, fìlà ti yí dé ẹsẹ̀ Gbádébọ̀ ọkọ ìyàwó. Gbádébọ̀ fẹ́ sáré dọ̀bálẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan nínú àwọn àna, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, gbá a lápá mú.

"Dúró ná. Ẹ dìde, àna wa, a ti gbọ́. A ó fún yín lọ́kọ."

Ládòkun fẹ́ dìde, ẹ̀rín palọ̀ ò jẹ́. Títí dòní, bí Gbádébọ̀ bá ti ń tẹ̀ ba láti kí i, ṣe ló máa ń sáré sọ pé, "Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o kán epo díẹ̀ sí i, kán an sí i. Ilẹ̀kùn ló mú bàbá ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àna.