Ajá Mẹ́ta Nídìí Ọpọ́n Kan

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀ẹ̀. Kò bà lórí igi, kò bà lórí òrùlé. Ó bà lé ajá mẹ́ta, ó bà lé Ọdẹ́jìnmí tó ra ajá, ó bà lé Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, ó wá bà lé Àwẹ̀ró ọmọ wọn lápá. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ nísinsìnyí.

Ọdẹ́jìnmí àti Àyọ̀ká ń gbé létí igbó, ní abúlé Ìdí-Àràbà. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi wá ọmọ. Nígbà tí ọmọ dé, ẹyọ kan ló dé: Àwẹ̀ró. Bí Àwẹ̀ró bá sín, gbogbo ilé a dìde. Bí ó bá ṣubú, bàbá rẹ̀ a na ilẹ̀.

Ìkookò kan wà nínú igbó náà. Ó ń kó wọn léwúrẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé òbúkọ lọ lọ́sàn-án gangan, níbi tí Àwẹ̀ró ti ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́ ọjà kìíní, ó fa ajá kan wálé. Ajá ọ̀dọ́ ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí odó. Ó sọ ọ́ ní Dẹ́rùbolè.

Àyọ̀ká ní, "Ẹ kú ọjà o, Bàbá Àwẹ̀ró. Eléyìí tó wa."

"Kò tó."

Ọjọ́ ọjà kejì, ó fa abo ajá kan wálé. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, etí rẹ̀ kan ti ya. Ó sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn-án.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ó ti tó báyìí."

"Kò tó."

Ọjọ́ ọjà kẹta, ó fa ajá kan wálé tó ga dé ìbàdí ènìyàn. Ó sọ ọ́ ní Tanítóbẹ́ẹ̀.  Àyọ̀ká lọ gbé omi oúnjẹ ajá kaná.

Ìkookò yọjú létí igbó. Ó rí ọ̀kan, ó rí èkejì, ó rí ẹ̀kẹta. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní mọ̀lẹ́bí kan ní òdìkejì odò.

Ilé tòrò. Àwo amọ̀ mẹ́ta ni Àyọ̀ká fi ń bu oúnjẹ fún wọn. Ó gbé ọ̀kan sí ìdí ògiri ilé ìdáná, ó gbé ọ̀kan sábẹ́ igi ìyeyè, ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn ilé ewúrẹ́. Kálukú kọjú sí tirẹ̀. Bí ẹnu wọn bá wà nínú àwo, Àyọ̀ká kì í jẹ́ kí Àwẹ̀ró sún mọ́ wọn. Bí wọ́n bá jẹun tán, Àwẹ̀ró a fa etí Máfọwọ́kàn-án, a gun Tanítóbẹ́ẹ̀ bí ẹṣin, a fi òdòdó sí Dẹ́rùbolè lórí. Wọn kì í ṣe é ní nǹkan kan.

Ọdẹ́jìnmí wo àwo mẹ́ta yìí, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé orogún ni àwọn ajá wọ̀nyí ni? Kí ló dé tí wọ́n ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Nílé bàbá mi, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà là ń jẹun nínú àwo kan. Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn ara wa nìyẹn."

"Ọmọ ènìyàn ni yín, Bàbá Àwẹ̀ró. Ajá rèé."

"Ajá ò ní ẹnu ni?"

Àyọ̀ká mọ̀ pé méjì nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà kì í kí ara wọn títí di bí a ṣe ń wí yìí. Kò sọ ọ́. Ó yẹ kó sọ ọ́.

Ọdẹ́jìnmí gé igi, ó gbẹ́ ọpọ́n gbàǹgbà kan, ó gbé e sí àárín ọgbà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tó dára ni wọn yóò máa ṣe: ọmọ tó kéré jù yóò pín ẹran, àgbà yóò kọ́kọ́ mú. Ta ló kéré jù nílé? Àwẹ̀ró ni. Wọ́n gbé àpótí kékeré fún un, ó jókòó sídìí ọpọ́n, ó gbé eegun dání.

Ó ní, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?"

Àwọn ajá wo ara wọn. Wọn kò tíì ronú kan èyí rí.

Dẹ́rùbolè ní, "Èmi ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àgbà ilé. Ṣé ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn máa ń pe ara rẹ̀ ní ìyálé ni?"

Máfọwọ́kàn-án ní, "Gbẹ́nu dákẹ́. Ọmọ tí mo bí kẹ́yìn jù ọ́ lọ."

Tanítóbẹ́ẹ̀ ní, "N ò mọ ẹni tó wọlé, n ò mọ ẹni tí wọ́n bí. Ẹ dìde ká jọ dúró, ẹ ó rí àgbà."

Ni wọ́n bá mú orin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ máa wí pé, "Àwẹ̀ró, pín in re."

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé,
*Àwẹ̀ró, pín in re.*
Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí,
*Àwẹ̀ró, pín in re.*
Èmi ni mo ga jù wọ́n lọ,
*Àwẹ̀ró, pín in re.*
Eegun kan ṣoṣo, àgbà mẹ́ta,
*Àwẹ̀ró, pín in re.*

Ọjọ́ kìíní, wọ́n kùn hùn-ùn, irun ọrùn wọn dìde. Àyọ̀ká fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Eré ni wọ́n ń ṣe."

Ọjọ́ kejì, Dẹ́rùbolè fa etí Máfọwọ́kàn-án tó kù ya. Ariwo wọn dé òdìkejì odò. Ìkookò gbọ́ ọ. Ó rìn wọ ọgbà jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé ewúrẹ́ kan, ó tún rìn jáde. Kò sí ajá tó gbórí sókè wò ó.

Àyọ̀ká ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n gbé àwo mi padà."

"Wọ́n ti fẹ́ mọ àgbà. Fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀la."

Ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́jìnmí pa ẹtu. Ó gbé eegun itan rẹ̀ lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Eegun náà gùn ju apá ọmọ náà lọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró na eegun sí ọ̀tún, ó nà án sí òsì, kò mọ ẹni tí yóò fún. Orin náà kò parí. Ajá mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pàdé lórí ọmọ.

Àyọ̀ká gbé odindi ìkòkò omi, ó dà á lé wọn lórí. Ó ki ọwọ́ bọ àárín wọn, ó fa ọmọ rẹ̀ jáde. Apá Àwẹ̀ró ti ya láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àyọ̀ká fún omi ewé akíntọ́lá sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó fi gèlè rẹ̀ dì í. 



Dẹ́rùbolè ní, "Ta ló bù ú jẹ?"

Máfọwọ́kàn-án ní, "Ọrùn rẹ ni mo ń wá. N ò mọ ohun tí eyín mi bá."

Tanítóbẹ́ẹ̀ ní, "Mo di ojú mi. Ó lè jẹ́ èmi."

Ọdẹ́jìnmí yọ àdá. Ó ń ké pé, "Ta ni nínú yín? Ẹ fi hàn mí! Ta ni?"

Àyọ̀ká kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀, Bàbá Àwẹ̀ró. Ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n ni kí ẹ bi."

Àdá bọ́. Ọdẹ́jìnmí jókòó sórí àpótí kékeré ọmọ rẹ̀, ó sunkún. Lọ́jọ́ náà, kò na ilẹ̀.

Àyọ̀ká gbé àáké, ó la ọpọ́n náà, ó fi dáná. Orí iná náà ló ti se omi tó fi wẹ ojú ọgbẹ́. Ó gbé àwo mẹ́ta padà síbi tí wọ́n wà. Apá Àwẹ̀ró san, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò parẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí o bá ju eegun sí ajá, kì í jẹ ẹ́ lójú agbo. A gbé e lọ sí kọ̀rọ̀, a kẹ̀yìn sí àwọn yòókù, a máa kùn. Bí o bá sì rí ajá ńlá tó rọ etí sílẹ̀, tó ń gbóòórùn apá ọmọdé, tó ń lá a láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, kì í ṣe pé ebi ń pa á. Àpá yẹn ló ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá eyín tòun ni. Títí di òní, kò tíì mọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi dúró sí nìyí. Bí mo bá purọ́ níbẹ̀, kí ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn má jẹ́ kí n kọjá.