Àgbébọ̀ Tó Sàba Lé Ẹyin Awó

Ààlọ́ o! Ẹ dáhùn bí ọmọ tó jẹun yó: Ààlọ̀! Àlọ́ mi já lu Àgbébọ̀ adìyẹ, níbi tó ti sàba lé ẹyin mẹ́fà tí Awó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pa.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìyẹ fi ń pa. Ọjọ́ pé, kò sí èyí tó mira. Àyà Àgbébọ̀ já: àbí ọmọ ọlọ́mọ ti kú sábẹ́ òun ni?

Pẹ́pẹ́yẹ kọ́kọ́ dé: "Ìyá, òkúta lẹ jókòó lé o!" Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e: "Ẹ dìde, ẹ wá jẹun jàre." Ajá ló ṣe ìkẹta: "Màmá, ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín dà á nù." Ẹ̀yin náà mọ ibi tí Ajá ń da ẹyin nù sí.

Àgbébọ̀ ní, "Ẹni tó fi ọmọ sínú ẹyin ló mọ ọjọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn. Ooru nìkan ni tèmi." Ló bá forin sí i, ẹ bá mi gbè é:

Olúwa ló mọ ọjọ́!
— Jókòó jẹ́ẹ́!
Ooru mi ò ní tán!
— Jókòó jẹ́ẹ́!

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa. Awó dé: "Ẹ ṣé, ìyá. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni tiwa. Àbí mi ò sọ?"

Àgbébọ̀ ní, "O ò sọ."

Ọlọ́run náà kì í sọ, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ṣáà máa móoru. Bí mo bá purọ́, kí àkùkọ má kọ fún mi lọ́la.