Ọjọ́ tí Efúnyẹmí Jókòó Ti Ẹkù

"Ẹkù tí kò sinmi, epo rẹ̀ kì í léfòó." Ẹ mọ òwe náà, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í fara balẹ̀.

Ìyá arúgbó kan wà ní Abà Ọ̀pẹ, Efúnyẹmí lorúkọ rẹ̀, epo ló ń ṣe. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló mọ oríkì ilé wọn délẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà kú, àwọn aládùúgbò ṣe bí a ti í ṣe: wọn kò jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá jókòó, kó má baà máa ronú. Bí èyí bá ń pa àlọ́, èyí á máa dárin. Wọ́n ṣeun, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kejì, oríkì ti pòórá lórí Efúnyẹmí. Bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti dé tán, ìyàwó kì í sì í kúrò nílé wọn láìgbọ́ oríkì. Ẹ̀rù bà á gidi.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó lọ sídìí ẹkù, kòtò tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn. Ojúọlápé aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń rojọ́, ó sì ń fi igi ro omi inú ẹkù náà.

"Ojúọlápé, fi í sílẹ̀! Ẹkù tí kò sinmi, epo rẹ̀ kì í léfòó."

Bó ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà padà wọ òun fúnra rẹ̀ létí. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Fi èmi náà sílẹ̀."

"Kí ẹ lè máa ronú òkú, Ìyá?"

"Kí n lè ronú rẹ̀."

Ojúọlápé lọ, ó ń kùn. Ẹkún ló kọ́kọ́ dé, Efúnyẹmí sì sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Ó ń wo ẹkù. Epo pupa rọra yọ sójú omi, kò sí ọwọ́ tó kàn án. Lójijì ló gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ara rẹ̀: "Ọmọ ọ̀pẹ méjì tó fara kọ́ra létí odò..." Ẹsẹ kan fa òmíràn, títí oríkì fi pé. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àṣé kò sí èyí tó sọnù!

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbọ́ oríkì rẹ̀ tán pẹ̀lú omijé kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ojúọlápé pàápàá kò sọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan tó ìyanu.

Látìgbà náà, bí ọkàn ẹnì kan bá dàrú, tí ó sì ń wá ìmọ̀ràn láti ẹnu kan dé ẹnu kejì, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Bí wọ́n bá pa á fún ọ tí wọ́n sì dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ, má rò pé wọ́n pa ọ́ tì. Wọ́n ń dúró de epo ni.