Ọ̀pá Tí Etu Fi Lélẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ fà mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí n dá ègbè gbè. Ààlọ́ mi rìn títí, ó dúró lọ́dọ̀ Etu àti Ọ̀yà.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ, ìrì pàápàá gbẹ. Ó ku ìsun kan ṣoṣo nítòsí, kò sì lè tó ilé méjì. Etu bí mẹ́ta, Ọ̀yà bí mẹ́ta. Àwọn ẹranko ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n fi ọ̀pá gbá ekùrọ́ wọ ihò. Ẹni tí iye gbígbá rẹ̀ bá kéré jù ló ni ìsun.

Ọ̀bọ ni adájọ́. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kan ekùrọ́. Ẹ má fẹsẹ̀ tì í. Ẹni tó bá sì fi ọ̀pá lélẹ̀ kí ekùrọ́ rẹ̀ tó wọ ihò, ó ti pàdánù."

Etu pinnu pé àwọn ọmọ òun yóò mu omi. Ó ń gbá, ó ń kọrin:

Ọ̀pá mi, gbá a kó yí,
*Gbinrin-ginrin!*
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi nílé,
*Gbinrin-ginrin!*
Má yà sọ́tùn-ún, má yà sósì,
*Gbinrin-ginrin!*

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ihò ni ìyá Etu, arúgbó, ń kọjá lọ.
"Ẹ kú eré o, ẹ̀yin ọmọ mi."
Etu di ọ̀pá mú. Kò tilẹ̀ yíjú. "Ẹ ǹlẹ́, Ìyá mi."
Ọ̀yà gbàgbé òfin. Ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Mààmá. Ẹsẹ̀ yín mà ti wú."

Ọ̀bọ fò sókè. "Ọ̀pá ti kanlẹ̀! Ọ̀yà ti pàdánù!"
"Àgbà ni mo kí, Baba."
"Òfin ò yọ àgbà sílẹ̀."
Omi lé ròrò sójú Ọ̀yà.

Etu wo ìsun. Ó wo Ọ̀yà. Ó wo ìyá rẹ̀, ìtìjú sì mú un. Ìyá ta ni wọ́n kúnlẹ̀ kí?
Ó ní, "Baba Ọ̀bọ, ẹ ò ṣèké, òfin lẹ tẹ̀ lé. Àmọ́ omi yìí ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ."
Ọ̀bọ ní, "Etu! O ti jẹun tán, o tún fẹ́ pọ̀ ọ́?"
"Mo fẹ́ pọ̀ ọ́."
Ó fi ọ̀pá tirẹ̀ náà lélẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Ìyá mi. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀bọ họrí, họrí, họrí. "Ẹni méjì kì í jọ pàdánù eré kan. Ẹ tún un gbá!"

Wọ́n tún un gbá. Etu ò mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù o, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi gbá a:

Ọ̀pá mi, gbá a kó tọ́,
*Gbinrin-ginrin!*
Ọba Òkè ń wò wá,
*Gbinrin-ginrin!*

Ọ̀yà borí: gbígbá rẹ̀ fi ẹyọ kan ṣoṣo dín sí ti Etu.

Etu kí i kú oríire. Ọ̀yà bu igbá omi àkọ́kọ́ fún Mààmá, kó tó bu fún ọmọ ara rẹ̀. Etu kò tọrọ. Ó pọn àbíkẹ́yìn, ó fa méjì yòókù lọ́wọ́, ó dorí kọ odò kan tí kò gbẹ, tó wà lẹ́yìn òkè méje. Ó gun òkè, ó sọ̀. Ó gun òkè, ó sọ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n mu, ó sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òfin dára, ẹ pa á mọ́. Àmọ́ ohun tí òfin bá gbé fún yín tí ọkàn yín kọ̀, ẹ má gbà á. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí.